Ibojì Ọdúnlámì Létí Ọ̀nà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: èmi àti Aníwúrà kò fẹ́ràn ara wa. Ẹni tó bá rò pé mo fẹ́ yin ẹnikẹ́ni níbí, kó yáa gbé ìwé yìí sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá sílé wa láti Igbotako ni ọ̀rọ̀ wa kò ti wọ̀. Ó le bí eegun. Kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà, kì í sọ pé ó rẹ òun, bí o bá sì ṣẹ̀ ẹ́, kò ní bá ọ jà. Yóò kàn máa wò ọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Ní ọdún tó wọlé, ìyá wa tọ́ pupuru rẹ̀ wò, ó ní kò kúnná. Ìyàwó mìíràn ì bá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Aníwúrà gbé ọpọ́n náà kúrò níwájú ìyá wa, ó dà á fún ewúrẹ́, ó sì gba oko lọ láti hú ẹ̀gẹ́ tuntun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a máa fi ṣe pupuru gbọ́dọ̀ rà nínú omi, kí a tó fún un, kí a tó yan án lórí iná. Gbogbo ilé ló fi iṣu ṣe oúnjẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìyá wa kò tún dárúkọ pupuru fún un mọ́ títí ó fi kú.

Bí ẹ ṣe mọ̀, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Àwọn ìyàwó tó kù sọ mí ní Eyínfúnjowó, Aníwúrà sọ mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ wá wò mí kí ẹ wo bí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń ké lábẹ́ mi. Tíṣà Catherine ni gbogbo ìlú ń pè mí, nítorí èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ wọn ní A, B, D títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló ń pè mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rín kò sì yọ lójú rẹ̀ rí bó bá ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọdúnlámì, ọkọ rẹ̀, ọlọ́pẹ ni. Òun ló ń kọ ẹyìn, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe epo. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Motọ́lání, tó ti lọ sílé ọkọ ní Àjàgbà. Ní ọdún 1989, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú ẹ̀gbọ́n mi, kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. A sin ín síwájú ilé rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe fún baálé ilé, a fi símẹ́ǹtì tẹ́ orí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé náà sì kọjú sí títì. Ọ̀sán ọ̀sán ni Aníwúrà máa ń jókòó sórí símẹ́ǹtì yẹn tó máa ń pa èkùrọ́. Mo sọ fún un pé ibojì kì í ṣe ilé ìdáná. Ó dá mi lóhùn pé ẹni tó ni ín kò tíì ráhùn.

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí.

Ìlú wa, Igbó-Ejìnrìn, kò ju abúlé lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀ láti ìhà Igbodigo, iwájú ilé Aníwúrà ló sì gbà kọjá. Ní oṣù keje ọdún 1992, ìjì kan jà tó ká páànù orí ilé ìwé bí ẹni ká ẹní. Ọ̀pẹ wó, ilé wó. Ọ̀gbàrá tó tẹ̀lé e fọ́ páìpù símẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ ọ̀nà, ó sì gbẹ́ ojú ọ̀nà gan-an níbi tó dojú kọ ilé Aníwúrà. Nígbà tí òjò dá, kòtò tó wà níbẹ̀ gba táyà lọ́rì.

Kò dẹ́rù bà wá. Láyé àwọn bàbá wa, bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, Sátidé tó tẹ̀lé e ni gbogbo ọkùnrin máa ń jáde pẹ̀lú àdá àti ṣọ́bìrì. Wọ́n á yí ìtì ọ̀pẹ sínú kòtò, àwọn obìnrin á ru ilẹ̀ pupa wá pẹ̀lú abọ́, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó jẹun, ilẹ̀ á ṣú. Kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, gààrí àti epo wa ti ń lọ sí Òkìtìpupa. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yìí títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi dà bí èèpo igi.

Sátidé yẹn náà, wọ́n jáde. Wọ́n ti yí ìtì ọ̀pẹ dé etí kòtò nígbà tí Ọmọ́túndé gun alùpùpù dé, tó ń juwọ́ láti òkèèrè pé kí wọ́n dúró. Ọmọ́túndé ni káńsílọ̀ wa. Mo kọ́ ọmọ náà níwèé. Bí ó bá ní ìṣirò méjì láti ṣe, ọ̀kan ni yóò ṣe, yóò sì fi ẹnu ṣe èkejì. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìròyìn ayọ̀ dé. Kánsù ti ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀nà oko tí ìjì bàjẹ́. Kì í ṣe owó àtúnṣe o. Owó àwọn ẹnjiníà ni, tí wọn yóò wá wọn ọ̀nà, tí wọn yóò ya púláànù bí a ó ṣe tún un ṣe, bí omi yóò ṣe gba abẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí kò bá ní púláànù, ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní fojú wò ó. Ṣùgbọ́n owó náà kò lè ká gbogbo ọ̀nà, àwọn tó bàjẹ́ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

Ó wá wo ìtì ọ̀pẹ tí wọ́n ti yí dé etí kòtò, ó ní, “Bí ẹ bá tún un ṣe, wọ́n á ní ó ti dáa. Ẹ jẹ́ kó burú. Bó bá ṣe burú tó ni wọ́n ṣe máa kà wá sí.”

N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Gbogbo wa ló ti sú láti máa di kòtò kan náà lọ́dọọdún. Àwọn ọkùnrin yí ìtì ọ̀pẹ wọn padà. Àárín gbogbo ariwo yẹn ni Aníwúrà ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní títí àwọn ènìyàn náà yóò fi dé, ibo ni omi máa gbà. Vincent, olórí ọ̀dọ́, ló dá a lóhùn pé omi mọ ọ̀nà ara rẹ̀, ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n rín títí wọ́n fi ya wèrè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀nà àwọn ará ibòmíràn náà bàjẹ́, tí ó tiẹ̀ lè bàjẹ́ ju tiwa lọ, Vincent àti àwọn ọmọ rẹ̀ mú ṣọ́bìrì, wọ́n lọ gé etí gọ́tà tó ń gbé omi ilé ìwé lọ sínú àbàtà. Wọ́n yí omi náà padà kó máa wọ inú kòtò wa. Ṣé ẹ ti rí alágbe tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àánú rẹ̀ lè ṣe àwọn tó ń kọjá? Ìlú wa nìyẹn. Àwọn àgbà mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Òjò méjì mẹ́ta péré, kòtò ti di ọ̀gbun, ó sì ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó dorí kọ ilé Aníwúrà.

Ó ṣiṣẹ́ o. Àwọn kánsù wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n mú ọ̀nà wa. Ìlú pa ewúrẹ́, wọ́n mu ẹmu. Aníwúrà kò lọ. Ó ń wo etí ọ̀gbun láti orí ibojì ọkọ rẹ̀, ó ń pa èkùrọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1993 ni àwọn ẹnjiníà dé. Olúmidé ni orúkọ ọ̀gá wọn, ọmọ Ìbàdàn, tó mọ ènìyàn án kí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ẹnì kan ń yọjú wo inú rẹ̀, ẹnì kejì gbé ọ̀pá aláwọ̀ pupa àti funfun dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ láti orí títì dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀dà pupa, ó tẹ̀ba, ó sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára símẹ́ǹtì ibojì ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń sàmì sí àpò kòkó.

Aníwúrà jáde pẹ̀lú òkúta tó fi ń pa èkùrọ́ lọ́wọ́. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n kọ nǹkan sára ọkọ òun. Olúmidé sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ohun tó bá wà létí ọ̀nà ni àwọn gbọ́dọ̀ fi sínú púláànù, kí ìjọba lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ó wá sọ èyí tó pa wá lára.

Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ohun tí a bá ti wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà títí púláànù á fi jáde. Bí ilẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, wọ́n á dá ìwé padà fún wa ni.”

Aníwúrà béèrè ìgbà tí yóò jáde. Olúmidé ní kó tó di àkókò òjò. Aníwúrà ní, “Òjò wo?” Ọmọ Ìbàdàn rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òun ló máa sùn síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Òjò dé, púláànù kò dé. Ní oṣù kẹrin, etí ọ̀gbun bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ibojì, tí ewúrẹ́ mẹ́ta ti máa ń dùbúlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kò gba ju ọ̀kan lọ mọ́. Nígbà náà ni Aníwúrà lọ bá Bàbá Ọláwuyì, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí. Ó ní kí n tẹ̀lé òun. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pè mí, èyí nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé ojú ọgbẹ́.

Lójú mi báyìí, obìnrin tí kò kúnlẹ̀ fún ìyá wa kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọláwuyì. Ó ní ohun méjì ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n mú èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí àwọn ọkùnrin wá di ọ̀gbun náà, tàbí kí ẹbí jẹ́ kí òun gbé ọkọ òun lọ sẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ tó ya débẹ̀.

Bàbá Ọláwuyì fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. Ó ní, “Ọma mi, usẹ́ ìjọba lè yìí. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára. Ìwọ nìkan kọ́ lo ni ọ̀nà, gbogbo ulú ló ni ín.”

“Ọkọ mi ńkọ́, Bàbá? Gbogbo ulú náà ló ni ín?”

Bàbá ní kó dìde. Mo la ẹnu mi níbẹ̀. Mo ní èmi ọmọ ilé ni mo ń sọ̀rọ̀, pé ọmọ bàbá mi ni òkú yẹn, pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó ní kí n fi ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀ ní ilé ìwé, pé bí púláànù bá bàjẹ́ lórí wa, kánsù yóò gbé owó ọdún tó ń bọ̀ fún ọ̀nà ẹlòmíràn, ta ni yóò ro ẹjọ́ náà fún ìlú. Ó ní òkú kì í bínú. Mo bínú dé ibi pé omi ojú ń jáde lójú mi, n kò sì fẹ́ kó rí i.

Aníwúrà kò sunkún ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í di iyanrìn sínú àpò. Ó ń rù ú láti etí odò, òun nìkan, ó ń tò ó sí etí ọ̀gbun níwájú ibojì. Motọ́lání wá láti Àjàgbà, ó ràn án lọ́wọ́, oyún inú rẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́. Nígbà tí ìlà àpò náà ti ga dé orúnkún, Vincent kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ yọ. Wọ́n ní ó ń ba ìwọ̀n ẹnjiníà jẹ́. Ó tò ó padà, wọ́n tún fà á yọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n bá a tó dúró níwájú àpò rẹ̀ pẹ̀lú àdá.

Kò gbé àdá náà sókè. Ó kàn dì í mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n bó ṣe máa ń woni. Vincent ní kó kúrò lọ́nà, ó ní àwọn kò fẹ́ fọwọ́ kan àgbà. Ó dáhùn pé kó fọwọ́ kan òun, kó wò ó. Wọ́n dúró títí oòrùn fi mú wọn, wọ́n sì yí padà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé abúlé rí, ẹ mọ̀ pé kò sí ìjà tó burú tó kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá a gún ẹyìn mọ́. Epo ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan; ọwọ́ púpọ̀ ló ń gún un, tó ń fún un. Òun nìkan ló ń gún un, apá rẹ̀ wú. Ọlọ́kadà á rí i létí ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, á wo iwájú kọjá lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ ìyá pín aṣọ ìkórè, wọn kò kan ibi tó jókòó. Bí ó bá kí wọn, wọ́n á dáhùn sí ilẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń dí ọ̀nà ìlú lọ́wọ́, pé ìdí rẹ̀ nìyí tí púláànù kò fi jáde. Ẹnì kan da omi ẹ̀gẹ́ sórí igi ìdáná rẹ̀. Mo mọ ẹni náà, mo kọ́ ọ níwèé, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ojú á ti ìyá rẹ̀ nínú sàréè.

Èmi ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé ìfẹ́ dé láàárín wa. Mo ń lọ bá a gún ẹyìn, a sì ń jà lórí omi tó pọ̀ jù àti iná tó kéré jù. Ó ní mo ń gún ẹyìn bí ẹni ń kọ A, B, D. Mo ní kó dúpẹ́ pé ó rí ẹni bá a gún un. Ara mi ń gbóná sí i, ó ń gbóná sí mi, ara àwa méjèèjì sì ń gbóná sí ìlú.

Òjò tó parí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹsàn-án. Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣú. Nígbà tó dà lórí páànù, a kò gbọ́ ohùn oníwàásù mọ́. Aníwúrà dìde láàárín bẹ́ǹṣì, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré jáde sínú òjò náà. Mo tẹ̀lé e bí ara mi ṣe lè sáré tó.

A kò bá ohun tí a fi sílẹ̀ láàárọ̀. Àwọn àpò iyanrìn ti lọ. Símẹ́ǹtì ibojì ti kán sí méjì, ìdajì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun pẹ̀lú nọ́ńbà pupa wọn lára. Orí pósí ẹ̀gbọ́n mi yọ jáde láti ara ilẹ̀ tó ya, omi sì ń fà á. Mo pariwo. N kò mọ ohun tí mo ń sọ. Aníwúrà ti fi ẹ̀yìn rọ̀ wọ inú ọ̀gbun, ó ti kó ara lé pákó náà, ó fi àyà rẹ̀ dì í mú, omi sì ń gba èjìká rẹ̀ kọjá.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí òjò dá, tí gbogbo ìlú ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àwọn ọkùnrin tò sétí ọ̀gbun nínú aṣọ Ìsinmi wọn, Bàbá Ọláwuyì, Vincent, Ọmọ́túndé, gbogbo wọn. Vincent bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹ́ rọ̀ wọ inú rẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ni Aníwúrà ti ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n.”

Ẹsẹ̀ Vincent dúró lójú kan. Kò sì sí ọkùnrin mìíràn tó gbé ẹsẹ̀. Èmi tí mo sanra báyìí, mo fi ìdí wọ́lẹ̀ sínú ọ̀gbun yẹn. Pósí ti jẹrà, kò ṣeé gbé. Mo tú ìró mi, a kó ẹ̀gbọ́n mi sínú rẹ̀, gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀, a sì gbé e gòkè láàárín àwọn ènìyàn náà. Wọ́n yà fún wa. Ẹ̀yìn ilé ni a gbé e lọ. Obìnrin kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún baálé ilé nílẹ̀ wa. Àwa méjì gbẹ́ ẹ, a sin ín, èmi ni mo gbàdúrà nítorí n kò jẹ́ kí pásítọ̀ wọlé. Nígbà tí a parí, ó bu omi fún mi mu.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti gé pátápátá. Kò sí ọ̀nà mìíràn sí oko àti sí Igbodigo bí kò ṣe kí a rìn yí àbàtà ká. Ẹ̀yìn ilé Aníwúrà sì ni ẹsẹ̀ ọ̀nà náà gbà, bó ṣe di pé gbogbo ìlú ń gba ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ibojì tuntun kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Kò lé wọn, kò sì kí wọn. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó má bínú. Mo retí rẹ̀ títí, bóyá òun náà ń retí rẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn sọ́jà gba ìjọba, wọ́n sì tú gbogbo kánsù ká. Ọmọ́túndé kó padà wálé pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ àti ìwé ńlá kan tó ká bí ẹní. Púláànù wa ti jáde. Kánsù tó ní kí wọ́n yà á kò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí a ó gbé e lọ bá, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ilé ìwé, wọ́n fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó dára, àbí kí ni kí n sọ. N kò rí ìlú wa kó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, páìpù tuntun wà lábẹ́ ọ̀nà, ọ̀gbun wa sì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Inú Bàbá Ọláwuyì dùn dé ibi pé ó ranṣẹ́ pe Aníwúrà kó wá wò ó, kó lè rí i pé ìjọba kò gbàgbé ọkọ òun.

Ó wá, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ibo ló wà?” Mo nàka sí igun mẹ́rin kékeré kan létí ọ̀nà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ó wò ó pẹ́. Ó wá kọjú sí Ọmọ́túndé, ó béèrè bóyá ọ̀nà náà ti parí.

“Lórí ìwé, ó ti parí, Ìyá,” ni Ọmọ́túndé wí.

Ó mi orí, ó sì jáde. Mo tẹ̀lé e, nítorí mo mọ orí mímì yẹn. Irú rẹ̀ ló mi kó tó da pupuru fún ewúrẹ́. Nígbà tí mo fi dé ẹ̀yìn ilé, ó ti gé ọparun méjì nínú igbó, ó ti kan òpó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, ó sì ti gbé ọparun kan dábùú ẹnu ọ̀nà náà.

Àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ẹrù wọn. Wọ́n rí ọparun, wọ́n dúró, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ti ilé ìwé bọ̀ náà dé láti ìhà kejì, Bàbá Ọláwuyì ló ṣíwájú wọn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sóko.

Ó ní, “Ìyàwó, ibo lo fẹ́ ká gbà?”

Aníwúrà ní, “Ọ̀nà yín ti dé, Bàbá. Ó wà lórí tábìlì. Ẹ lọ gba orí rẹ̀.”

Bàbá Ọláwuyì yíjú sí mi. Ó ní kí n bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀, pé èmi ni ọmọ ilé, pé ẹnu mi nìkan ló lè gbọ́. Gbogbo ìlú ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọparun kejì, mo sì fi dábùú lórí ti àkọ́kọ́.